Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìrìn Àjò Orí Omi Wá Ilé Tí Ẹ Máa Fẹ̀yìn Tì Sí

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi wá ilé ń rí ohun tí ẹni tó ń fi mọ́tò wá a kì í rí. Ẹ̀yìnkùlé ló ń kọ́kọ́ rí, kì í ṣe iwájú ilé tí wọ́n kùn lọ́dà nítorí oníbàárà. Ó ń rí ògiri etí omi tó ti sán, pèpéle ọkọ̀ tí pákó rẹ̀ ti jẹrà, ibi tí omi ti jìn àti ibi tí yanrìn ti dí i. Bí ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín bá ń ronú àtifẹ̀yìn tì sí etí omi ní Amẹ́ríkà, tí ẹ sì ní ọkọ̀ tó lè rin ọ̀nà jíjìn, mo gbà yín níyànjú tọkàntọkàn pé kí ẹ wá ilé yẹn láti orí omi.

Ọ̀nà tó bá iṣẹ́ yìí mu jù ni èyí tí àwọn awakọ̀ ojú omi ń pè ní Great Loop. Ó tó nǹkan bí 6,000 máìlì, ó sì yí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ká. Ẹ ó gba Intracoastal Waterway, ọ̀nà omi tó gba ẹ̀bá etíkun lọ, gòkè láti Florida, ẹ ó kọjá ìyawọlẹ̀ omi Chesapeake àti New York, ẹ ó wọ odò Hudson àti Erie Canal tí wọ́n ṣí ní 1825, ẹ ó gba inú àwọn Adágún Ńlá dé Chicago. Láti ibẹ̀, odò Illinois, Mississippi, Ohio àti Tennessee ló kù, kí ẹ tó gba Tenn-Tom, ipa omi tí wọ́n gbẹ́ láti odò Tennessee sí odò Tombigbee, já sí Mobile ní Alabama, kí ẹ sì padà sí Florida. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi bí ọdún kan rìn ín. Kò pọn dandan kí ẹ rìn ín tán o. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò lè fara da òtútù lè rìn láti Norfolk ní Virginia dé Florida nìkan, kó sì rí ìlú tó pọ̀ tó yẹ̀ wò.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ìgbésẹ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo ìmọ̀ràn mi dá lé. Ojú ọjọ́ ni àwọn tó ń rin Loop ń tẹ̀ lé. Wọ́n máa ń wà ní Florida nígbà òtútù, ní Chesapeake nígbà tí ewé tuntun bá yọ, ní Adágún Ńlá nígbà tí oòrùn ibẹ̀ bá mú, ní Tennessee nígbà tí ewé bá ń pọ́n. Gbogbo ìlú tí ẹ bá dé, aṣọ àlejò ló wọ̀ dè yín. Ẹ kò ní rí ooru Florida ní oṣù Kẹjọ, ẹ kò sì ní rí Michigan ní oṣù Kejì nígbà tí èbúté ti di yìnyín. Bẹ́ẹ̀ oṣù méjèèjìlá lẹ máa gbé nínú ilé tí ẹ bá rà. Ọkọ̀ á fi ìlú hàn yín. Ohun tí kò lè fi hàn lẹ̀yin gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara yín wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fẹnu kò kí ẹ tó tú okùn ọkọ̀

Kí ọkọ kọ tirẹ̀, kí ìyàwó kọ tirẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àwọn ohun tí ilé náà kò gbọ́dọ̀ má ní. Ẹ má fi han ara yín títí ẹ ó fi kọ ọ́ tán. Ọ̀kan lè máa wá omi jíjìn fún ọkọ̀ ìgbòkun, kí èkejì máa wá ibi tí àwọn ọmọ-ọmọ á ti lè dé láìwọ bàálù. Ó sàn kí ẹ bá ara yín jà á nílé ju kí ẹ jà á níwájú ejẹ́ǹtì tó ń ta ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn ọkọ̀ yín. Báwo ni ìdí rẹ̀ ṣe jìn sínú omi tó? Báwo ni orí rẹ̀ ṣe ga tó láti ojú omi? Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì síbi tí ẹ ó ti máa rí i, torí òun lẹ ó máa fi yọ ilé kúrò lórí àkọsílẹ̀ yín.

Ìbéèrè tó kù ló ṣòro jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi: bí ara bá dá agara, tí ẹ ta ọkọ̀, ṣé ilé yìí á ṣì wù yín? Ọjọ́ tí ẹ kò ní lè tu ìdákọ̀ró mọ́ ń bọ̀. Ilé tó jẹ́ pé ọkọ̀ nìkan ló gbé iyì rẹ̀ kì í ṣe ilé ìfẹ̀yìntì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó yẹ ilé wò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí afárá. Lórí Intracoastal Waterway, ẹsẹ̀ bàtà 65 ni wọ́n fojú sùn pé kí afárá tí kò ṣeé ṣí ga tó sí omi, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní Julia Tuttle ní Miami kò ju 56 lọ. Ọ̀kan wà nítòsí Chicago tí gbogbo ẹni tó ń rin Loop gbọ́dọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ bàtà 19.6 péré ni. Àwọn afárá ńlá yìí wà lórí máàpù, wọn kì í sì í dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó ń ra ilé. Afárá kékeré tó wà láàárín ilé àti omi gbangba ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Cape Coral ní Florida ní ju 400 máìlì ipa omi tí wọ́n gbẹ́ sáàárín ilé lọ. Àwọn kan já sí òkun tààrà, àwọn kan wà lẹ́yìn afárá tó rẹlẹ̀, àwọn kan sì jẹ́ omi adágún tí kò já síbì kankan. Gbogbo wọn ni ìpolówó máa ń pè ní ilé etí omi, irọ́ kọ́ ló sì pa. Àmọ́ ọkọ̀ tó bá ga kò ní lè jáde nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ó wá kan bí omi ṣe jìn. Ẹ má ṣe wo pèpéle ọkọ̀ kankan nígbà tí omi òkun bá kún, kí ẹ wá sọ pé ó dáa. Ní etíkun Georgia, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà lè tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 9. Ibi tí ọkọ̀ ti léfòó láàárọ̀ lè di ẹrẹ̀ lọ́sàn-án. Ní Annapolis, ìyàtọ̀ náà kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ní Oriental, North Carolina, lójú odò Neuse, atẹ́gùn ló ń darí omi ju òṣùpá lọ: bó bá fẹ́ láti ibì kan fún ọjọ́ mélòó kan, omi lè gun orí pèpéle, bó bá sì yí padà, ó lè fà kọjá ibi tí ẹ rò.

Orí adágún kò yọ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Lake Michigan àti Lake Huron, omi rẹlẹ̀ ju bó ṣe rí rí lọ ní oṣù Kìíní 2013. Nígbà tó fi di 2020, ó ti ga débi pé ó ń wó etí ilẹ̀ mọ́ àwọn onílé lójú. Ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6. Ní Kentucky Lake, àjọ TVA, ti ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò Tennessee, ló ń mọ̀ọ́mọ̀ fa omi náà sílẹ̀ ní bí ẹsẹ̀ bàtà 5 kí òtútù tó dé. Ẹni tó bá wo ilé níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà gbọ́dọ̀ béèrè fọ́tò tí wọ́n yà ní oṣù Kìíní.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tí ẹ bá ń kọjá níwájú ilé tó wù yín, ẹ dín eré ọkọ̀ kù, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí omi dé, bó ṣe jìn tó lójú ẹ̀rọ yín, àti ibi tí GPS sọ pé ẹ wà. Ẹ wo apá ibi tí ilé náà kọjú sí: bí omi gbalasa bá wà níwájú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ máìlì, ìgbì tí atẹ́gùn bá gbé wá kò ní í rí nǹkan kan dá a dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ tún padà kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè lè di ojú títì àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré ọkọ̀ nígbà tí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé ìlú náà

Bí ìlú kan bá ti wù yín, ẹ sanwó oṣù kan ní èbúté ibẹ̀. Owó oṣù kì í tó owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rò ó pọ̀, ibi tí ẹ sì sùn sí fún oṣù kan kò lè fi gbogbo ìwà rẹ̀ pamọ́ fún yín.

Ẹ yá mọ́tò. Ẹ wà á láti ibi tí ilé tó wù yín wà dé ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka ọkàn, lọ́sàn-án nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, àti lóru. Bó bá jẹ́ erékùṣù, tí afárá tó ń ṣí fún ọkọ̀ ojú omi ló sì so ó mọ́ ìlú, ẹ jókòó tì í kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó ń dá mọ́tò dúró. Afárá tó ń dùn mọ́ yín bó bá ṣí fún ọkọ̀ yín, òun náà ló lè dá ọkọ̀ aláìsàn dúró.

Ẹ jókòó síta nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ní àwọn irà oníyọ̀ South Carolina àti Georgia, kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kì í fẹ́ẹ̀ rí máa ń jẹ èèyàn títí á fi sá wọlé. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò le gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa omi pupa tó máa ń bá ìwọ̀-oòrùn Florida: ewéko kéékèèké inú òkun ló ń fà á, ó ń pa ẹja, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń mú kí èèyàn wúkọ́. Stuart, ní apá kejì ìpínlẹ̀ náà, rí tirẹ̀ ní 2016 àti 2018, nígbà tí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti Lake Okeechobee gbé èéhù aláwọ̀ ewé tó ní májèlé wọnú odò St. Lucie.

Ta ni kí ẹ bi léèrè? Kì í ṣe ejẹ́ǹtì nìkan. Ẹ lọ bá ọ̀gá èbúté, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, awakọ̀ tó ń lọ fa ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ sórí yanrìn, àti àgbà tó ń pẹja létí afárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó fún wọn: “Nígbà ìjì tó kọjá, ibo ni omi dé?” Wọ́n á nawọ́ sí i. Ẹ lọ wo ibẹ̀, kí ẹ fi ojú wọ̀n ọ́n mọ́ ilẹ̀ ilé tí ẹ ń wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Omíyalé àti ìwé adójútòfò

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ, torí ibẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì ń gbà lọ.

FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, ti pín ilẹ̀ sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ewu omi ṣe pọ̀ tó, máàpù rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ àdírẹ́sì ilé náà sí i lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá rí i, kí ó tó gba ọkàn yín. VE ni ibi tí omi àti ìgbì ti lè jọ kọlu ilé. AE ni ibi tí ewu pé omi lè ya wọlé ti tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ìdá kan lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ láàárín ọdún 30 ó ti di nǹkan bí ìdá 26 nínú 100. X ni ibi tí ewu ti kéré, kì í ṣe ibi tí kò sí.

Ìwé adójútòfò ilé lásán kì í sanwó omíyalé. Ti omíyalé dá dúró gedegbe. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe kò ju 250,000 dọ́là lọ fún ilé gbígbé, àti 100,000 dọ́là fún ẹrù inú rẹ̀. Ó sì máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àyàfi bó bá bá ẹ̀yáwó ilé rìn. Ẹni tó bá san owó ilé lójú ẹsẹ̀, tó sì dúró dìgbà tí wọ́n kéde ìjì, ti pẹ́ jù. Bí ilé tó wù yín bá ju iye yẹn lọ, ẹ ó wá àfikún lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni.

Nítorí náà, ẹ gba iye owó adójútòfò mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun: ti ilé, ti omíyalé, ti ìjì. Ẹ bi ẹni tó ń ta ilé ní Elevation Certificate, ìwé tó ń fi hàn bí ilẹ̀ pákáńleè àkọ́kọ́ ṣe ga tó sí ibi tí wọ́n retí pé omi lè dé. Ní Florida, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024, òfin ti ní kí ẹni tó ń ta ilé sọ bó bá ti béèrè owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò tàbí gba ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ rí nítorí omi. Kódà níbi tí òfin kò ti béèrè, ẹ béèrè, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mò ń sọ. Nígbà tí ìjì Ian wọ ìwọ̀-oòrùn Florida ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2022, omi òkun gun orí ilẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ ní Fort Myers Beach. Ẹ má sì rò pé ẹni tó bá sá fún òkun ti bọ́: nígbà tí ìjì Helene kọjá ní oṣù Kẹsàn-án 2024, odò tó wà láàárín òkè ní Asheville, North Carolina, ló gbé ilé lọ, ibẹ̀ sì jìn sí òkun gan-an.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìwé pèpéle ọkọ̀ àti ògiri etí omi

Pèpéle tí ẹ rí lẹ́yìn ilé lè má ní ìwé àṣẹ. Láti ìgbà òfin Rivers and Harbors ti 1899 ni kíkọ́ nǹkan sínú omi tí ọkọ̀ ń gbà ti nílò àṣẹ Army Corps of Engineers, ẹ̀ka onímọ̀ ẹ̀rọ ti ọmọ ogun Amẹ́ríkà; ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ náà ní tiwọn. Lórí àwọn adágún TVA, ẹni tó bá ra ilé gbọ́dọ̀ lọ yí àṣẹ pèpéle náà sí orúkọ ara rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé, kí ẹ sì bi ilé iṣẹ́ tó fúnni ní ìwé náà bó bá bá ohun tó wà lórí omi mu.

Ní ti ògiri etí omi, ẹ san owó fún ẹni tó ń kọ́ irú rẹ̀ kó wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí omi bá fà. Ẹni tó ń yẹ ilé wò kì í sábà mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri bá ti ń rì, tí kòtò kéékèèké ń yọ nínú koríko, yẹ̀pẹ̀ ti ń sá jáde lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kíkọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sì lè gba owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra mọ́tò tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wo ilé náà pẹ̀lú orókún ẹni ọdún 80

Ilé tí wọ́n gbé sórí òpó nítorí omi ní àtẹ̀gùn púpọ̀. Ẹ gun un pẹ̀lú ẹrù ọjà lọ́wọ́ méjèèjì. Bí àyè bá wà fún ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹ béèrè iye rẹ̀ nísinsìnyí. Wo yàrá ìsàlẹ̀ náà o: ní agbègbè AE àti VE, òfin kì í sábà gbà kí a fi àyè abẹ́ òpó ṣe yàrá ìsùn, bí ẹni tó ń tà á bá tilẹ̀ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀.

Medicare, ètò adójútòfò ìlera fún àwọn àgbà, èyí tí ìjọba ń ṣe gan-an, ń bá yín lọ káàkiri Amẹ́ríkà. Medicare Advantage, tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ń ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀. Agbègbè tirẹ̀ ló ní, àti dókítà tirẹ̀. Kí ẹ tó yan ìlú, ẹ wò ó bóyá ètò tó dáa wà níbẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà bíi mélòó kan láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń gba aláìsàn tuntun tó ń lo Medicare.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ padà lọ nígbà tí ìlú bá bọ́ aṣọ àlejò

Bí ìlú bá ku méjì tàbí mẹ́ta, ẹ parí ìrìn àjò yín, kí ẹ wá padà sí ìkọ̀ọ̀kan ní àkókò tí kò dára rárá. Ìgbà ìjì líle ti Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ó sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Ẹ lọ sí Florida tàbí Carolina ní oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án, ẹ fi mọ́tò lọ. Ẹ lọ sí Michigan ní oṣù Kejì, kí ẹ wo ilé oúnjẹ tó ti ti ilẹ̀kùn àti àwọn aládùúgbò tó ti sá lọ sí gúúsù. Ní Chesapeake, ọjọ́ tí òṣùpá bá yọ kíkún nígbà ìwọ́wé ni kí ẹ lọ, kí ẹ wo títì tí omi ń gùn láìsí òjò.

Ẹ háyà ilé níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà bí owó bá gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn kan láti san owó ilé nígbà tí wọ́n lè ra tiwọn. Owó oṣù mẹ́fà kò tó ohun tí ẹ ó pàdánù bí ẹ bá rà á tán tí ẹ sì tún fẹ́ tà á.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Nígbà tó bá kan owó

Florida kì í gba owó orí lórí owó tó ń wọlé, Tennessee náà kì í gbà á. Ìyẹn dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwé owó orí ilé ti ẹni tó ń tà á ṣe ìṣirò. Ní Florida, iye tí ìjọba dá lé ilé tí onílé fi ṣe ibùgbé, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí rẹ̀, kò lè gòkè ju ìdá 3 nínú 100 lọ lọ́dún, nígbà tí ilé bá sì yí ọwọ́ padà, wọ́n á tún un dá lé iye ọjà. Ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ láti 1998 lè máa san ìdá kékeré nínú ohun tí ẹ̀yin máa san. Ẹ bi ọ́fíìsì county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní iye tó máa jẹ́ fún yín.

Bó bá jẹ́ fúláàtì nínú ilé alájà púpọ̀ ni, ẹ gba ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ onílé àti ìwé ìpàdé wọn ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí Champlain Towers South wó ní Surfside ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 2021, tí èèyàn 98 sì kú, Florida ṣe òfin pé kí wọ́n máa yẹ àwọn ilé alájà mẹ́ta sókè wò bí wọ́n bá ti dàgbà, kí wọ́n sì máa tọ́jú owó àtúnṣe. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onílé ló ń pín owó ńlá lé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lórí. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Nínú ìwé àdéhùn, kí lọ́yà yín kọ ọ́ pé ẹ lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí iye owó adójútòfò bá ju èyí tí ẹ sọ lọ, bí pèpéle kò bá ní àṣẹ, tàbí bí omi kò bá jìn tó ohun tí ẹni tó ń tà á sọ nígbà tó bá fà. Bí ó bá kọ̀ láti gba ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tú okùn ọkọ̀ yín, kí ẹ máa lọ sí èbúté tó kàn. Bí ó bá sì gbà, tí ẹ ra ilé náà, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ pé ibi tí ọkọ̀ ń sùn sí ti yí padà, kí ẹ sì tún ètò Medicare Advantage tàbí ti oògùn yín ṣe kí oṣù méjì lẹ́yìn oṣù tí ẹ kó wọlé tó pé. Ní Florida, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún homestead, ẹ̀dínwó owó orí fún ilé tí onílé fi ṣe ibùgbé, kí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e tó kọjá.